Àwọ̀ Tí Mo Kọ fún Òdòdó Homewood

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ gbọ́ tèmi ná kí ẹ tó mú ọ̀kan. Kì í ṣe pé mo fẹ́ polówó ọjà fún yín o. Ní Chicago tí mo ti hu ewú yìí, bí ẹ bá pàdé obìnrin Yorùbá mẹ́ta, méjì á jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀kẹta á sì máa kàwé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Èmi Sikirat ọmọ Ìwó, ewéko gbígbẹ ni mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ̀ mọ́ pépà. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo fún yín láyè. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run forí jì í, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo sọ fún un.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ń wá ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, mo sì ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ kí n tó kúrò nílé. Owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ebi kò pa wá.

Abẹ́ ilẹ̀ ni yàrá iṣẹ́ wa wà, kò ní fèrèsé kankan. Kọ́bọ́ọ̀dù irin ló tò lọ rẹrẹ níbẹ̀, inú wọn sì kún fún ewéko tí àwọn ènìyàn já nínú igbó àti ní pápá, tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n sá gbẹ, tí a wá lẹ̀ mọ́ pépà líle. Lábẹ́ ewéko kọ̀ọ̀kan, ìwé pélébé kan á wà tí a kọ ibi tí wọ́n ti já a sí, ọjọ́ tí wọ́n já a, ẹni tó já a, àti bó ṣe rí kó tó gbẹ. Káńfọ̀ la fi ń lé kòkòrò nígbà náà, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lára. Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn obìnrin á ti mọ̀ pé mo ti dé kí n tó bọ́ bàtà. Wọ́n sọ mí ní Ìyá Oníkáńfọ̀. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bi mí rí pé kí gan-an ni mò ń ṣe lábẹ́ ilẹ̀ yẹn. Ó máa ń dùn mí.

Dókítà Wilma ni ọ̀gá mi. Òyìnbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, kò lọ́kọ, kò bímọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó sáré wá gbé mi dìde, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń yọ̀, ó sì bá mi wí lójú ẹsẹ̀ lórí irú bàtà tí mo wọ̀ wá síbi iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ọ̀gá yín ní òṣìkà nítorí pé ó ní kí ẹ tètè máa dé, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi lẹ ewé kan ṣoṣo. Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ tán, á gbé awò rẹ̀ tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e, á fi omi rin ín, á ṣí i kúrò, á ní kí n tún un ṣe. Gọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù. Ẹ̀yìn ewé kò hàn. Òdòdó ti ṣẹ́ nídìí. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún, mo nu ojú mi, mo padà wá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó wò ó, ó gbé e lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò yìn mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo ti yege, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Nínú gbogbo òfin rẹ̀, ti àwọ̀ ló le jù. Ó ní òdòdó tó bá gbẹ kò ṣeé gbára lé: funfun á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi bá kàn án, aró á parẹ́ pátápátá. Nítorí náà, iwájú ewéko náà ni wàá dúró sí, tí wàá kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó já a. Okùn ló fi so ìwé kékeré mọ́ mi lọ́rùn bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní bí mo bá dé láìkọ nǹkan sínú ìwé yẹn, kí n kà á sí pé mi ò lọ rárá.

Ewéko kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ẹ́ lógún ju gbogbo èyí tó kù lọ. Goldenrod ni òyìnbó ń pe ìran rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí ìran yìí lẹ́bàá títì nígbà tí ooru bá ń parí lọ, òdòdó wọn yẹ́lò, àwọn ènìyàn sì ń di ẹ̀bi sísín lé wọn lórí láìṣẹ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn tí òdòdó tirẹ̀ funfun báláú. Kì í sábà ga ju orúnkún lọ, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ó sì le, ilẹ̀ olókùúta àti oníyanrìn tí kò lọ́ràá ló fẹ́ràn. Nítorí funfun yẹn, àwọn onímọ̀ àtijọ́ kà á mọ́ ìran mìíràn tí wọ́n ń pè ní aster, àwọn tí òdòdó wọn máa ń funfun tàbí kó ní àwọ̀ àlùkò. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aster náà ni mo bá a.

Dókítà Wilma kò gbà. Ó ní kí n wo bí òdòdó rẹ̀ ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ lórí igi rẹ̀ bíi ti àwọn goldenrod kan. Ó fi awò hàn mí bí irun orí èso rẹ̀ ṣe rí. "Aṣọ lásán ni funfun yẹn," ó ní. "Ara rẹ̀ ni kí o wò." Mo ní nílé wa, ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ó ní kí n tún un sọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àjálù. Ó ti di ọdún kejì tí ọkọ mi ṣaláìsí. Kúdírátù, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ti bá ọkọ tirẹ̀ lọ sí Houston. Àwọn àgbà ní ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Nínú yàrá mi ní àdúgbò Uptown, èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn, èmi náà ni mò ń kí ara mi káàbọ̀. Ibi iṣẹ́ nìkan ni mo ti ń gbọ́ kí ẹnì kan pe orúkọ mi.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, Dókítà Wilma ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà tó fi rán mi níṣẹ́. Ilẹ̀ olókùúta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Homewood, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Chicago, tí òdòdó funfun yìí ń hù sí, katakata ń bọ̀ wá tú u lọ́jọ́ Ajé. "Lọ já mẹ́rin wá fún mi kó tó pẹ́ jù," ó ní. "Má jẹ́ kí wọ́n bàjẹ́."

Ọjọ́ Sátidé ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Òjò dé bá mi níbẹ̀. Mo rí wọn láàárín òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n funfun, goldenrod yẹ́lò kan tí ewé rẹ̀ fẹ̀ sì ń hù nítòsí wọn. Mo já mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin dá dúró láàárín àwọn funfun àtàwọn yẹ́lò. Òdòdó tirẹ̀ kò funfun tán. Mo fa ìwé ọrùn mi yọ láti kọ ọ́, ó ti rin gbingbin, bírò kò kọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀, ọkọ̀ tó tẹ̀lé e sì máa pẹ́. Mo sọ nínú ara mi pé òjò ló pa á láwọ̀ dà. Mo já a, mo kì í bọ àárín ìwé ìròyìn, mo sáré.

Nígbà tí mo tú wọn wò nílé, mẹ́ta funfun, ẹ̀kẹrin yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́. Mo mọ ohun tó máa sọ: mo jẹ́ kí òjò ba ewéko jẹ́, mi ò sì kọ àwọ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ wò ó ní ọsibítù. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

"Ṣé wọ́n funfun?" ni ohun àkọ́kọ́ tó bi mí.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. A kì í kó ọ̀rọ̀ burúkú wọ etí aláìsàn. Bí òrùlé ilé bá tilẹ̀ ti ṣí, tí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì bá béèrè ilé, àlàáfíà ni wàá ní ó wà. "Wọ́n funfun báláú, Dókítà," ni mo dá a lóhùn. "Gbogbo wọn pátá." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sùn lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí mo jókòó nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́jọ́ Ajé, ohun tí mo sọ fún un náà ni mo tẹ̀. Òdòdó funfun. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Òtútù ti mú kó tó padà síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá. Ó gbé àwọn pépà Homewood kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, ó wò ó títí tíì tó ń mu fi tutù. Ewé tiẹ̀ fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ara rẹ̀ kò sì dán. Ìgbà yẹn ló wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún mi rí. Láti ọdún pípẹ́ ló ti ń wá ọmọ tí òdòdó funfun yìí bá goldenrod yẹ́lò bí ní agbègbè wa. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ níbòmíràn, òun kò tíì rí i rí. Kò sí ẹni tó tíì rí i kó bá aster bímọ. Bó bá ń bá goldenrod bímọ, tí òdòdó ọmọ náà sì yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, àríyànjiyàn tán, ẹbí ni wọ́n.

"Sikirat, ìwọ lo wà níbẹ̀," ó ní. "Àwọ̀ wo lo rí?"

Ilẹ̀ yẹn ti di ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò. Kò sí ibi tí a tún lè lọ wò. Ohun tí mo fi pamọ́ bí ẹ̀gbin, òun gan-an ni ìyá yìí ti ń wá. Bí mo bá sọ òótọ́, gbogbo rẹ̀ ló máa tú: pé mi ò kọ ọ́ sílẹ̀, pé mo parọ́ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì, pé mo tún tẹ irọ́ náà sórí pépà. Ojú tì mí kọjá sísọ.

"Funfun ni," mo ní.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé èmi kì í wo àgbà lójú, kò sì fura. Ó mú ìwé pélébé tuntun, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewé rẹ̀ jọ ti ọmọ àdàpọ̀, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ funfun, ẹni tó já a sì ti jẹ́rìí àwọ̀ náà fún òun. Ó buwọ́ lù ú. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi lẹ̀ ẹ́.

Ọdún ń lọ, irinṣẹ́ ń yí padà. Wọ́n ní káńfọ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n gbé fírísà ńlá wá, inú rẹ̀ ni kòkòrò ń kú sí. Kọ̀ǹpútà gba ipò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwọn kan ní ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ewé tí kò ju èékánná lọ, wọ́n ń wo DNA inú rẹ̀ láti mọ ẹbí ewéko. Dókítà Wilma ti fẹ̀yìn tì nígbà tí wọ́n pàṣẹ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan pé kí a kó òdòdó funfun kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù aster lọ sínú ti goldenrod. Èmi ni mo ti kẹ̀kẹ́ tí a fi kó wọn. Mo pè é lórí fóònù, mo ní òun ló jàre. Ó ní òun mọ̀, ó sì bi mí irú gọ́ọ̀mù tí a ń lò báyìí. Ó jàre láìsí ìrànlọ́wọ́ mi. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún láwọn ọdún wọ̀nyẹn, Alhaja Bàsírà, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, nínú ilé rẹ̀ ní Auburn Gresham. Ó wo ojú mi bóyá eré ni mò ń ṣe.

"Sikira, because of flower?" ó ní. "Èmi tí mo ṣe double shift lánàá, tí patient méjì kú lọ́wọ́ mi! Did anybody die? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun jàre."

Ó bu ẹran kún tèmi, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ, kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wà nínú bọ́ọ̀sì tí mò ń padà sí Uptown, mo mọ̀ pé kò sí ẹnì kan nínú gbogbo ìlú yìí tí ọ̀rọ̀ mi lè yé, àfi ẹni tí mo parọ́ fún.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi jù bẹ́ẹ̀ lọ, òtítọ́ kò sì sáré rárá. Èmi ni mo jókòó dè é. Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì ni pé kí n ya fọ́tò pépà kọ̀ọ̀kan, kí n sì tún ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí gbogbo ayé lè máa kà á. Lọ́jọ́ Tuesday kan láàárọ̀, ó kan ẹ̀kẹrin ti Homewood. Ìwé tèmi wà níbẹ̀, ìwé tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń dúró kí n tẹ àwọ̀. Mo gbé ìka lé e, ìka kò tẹ̀ ẹ́. Mo sọ ìwé pélébé tuntun kan sínú àpò, mo mú kóòtù mi.

Ilé àwọn arúgbó tí Dókítà Wilma ń gbé kò jìnnà sí ilé mi. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni mò ń lọ kí i. Kò sí ẹlòmíràn tó ń wá wò ó, èmi náà kò sì ní ẹlòmíràn tí mo lè lọ wò. Mo dúró ní ìdúró bọ́ọ̀sì, mo pe Kúdí.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, let it go," ó ní. "She's old. Ẹ kàn fẹ́ stress mama yẹn fún nothing ni. Kò lè mọ̀ láéláé."

"Èmi mọ̀."

"And if she gets upset? Ta lẹ tún ní níbẹ̀? Ẹ just come and stay with us now."

Ọmọ mi kò parọ́. Bí Dókítà bá lé mi, Sunday mi ti tán nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tí ẹ bá ń yàn, ẹ béèrè owó rẹ̀, ẹ béèrè ìsinmi rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè sọ̀rọ̀ àṣìṣe yín níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó kó o relé ni, ilé á sì ṣú mọ́ yín lójú. Mo wọ bọ́ọ̀sì.

Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú aṣọ lórí itan. Ẹnu yà á pé mo wá ní ọjọ́ tí kì í ṣe Sunday. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: òjò, ìwé tó rin, fèrè ọkọ̀, ọsibítù, àti bí mo ṣe tún parọ́ fún un nígbà tó béèrè. Kò gbé mi dìde.

"Ìwọ nìkan," ó ní níkẹyìn, "ni mi ò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì rí."

Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn. Mo dìde, mo ní n ó máa lọ.

"Jókòó." Ó di ojú rẹ̀. "Sọ fún mi bó ṣe rí. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i."

Mo lanu. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi: pé ó dà bíi bọ́tà, pé ó dà bí àgbàdo tuntun. Òdòdó tó bá wù mí ni mo lè fún un lọ́jọ́ náà, á sì gbà á, ojú rẹ̀ sì ti rọ̀, ó ń retí. Mo wá inú ara mi. Òjò ni mo rí, àti bírò tó kọ̀ tí kò kọ, àti iná ọkọ̀ tó ń bọ̀. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ wo òdòdó yẹn.

"Mi ò wò ó dáadáa, Dókítà," mo ní. "Mo mọ̀ pé kò funfun. Ó yẹ́lò díẹ̀. Mi ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mò ń sáré lọ bá ọkọ̀."

Ó lajú. Omi wà níbẹ̀. Ó wo àpò mi, ó mọ̀ pé mo kó ìwé pélébé wá. Mo yọ ọ́ pẹ̀lú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lórí itan mi: pé èmi ni mo já a, pé funfun tí mo kọ kì í ṣe òótọ́, pé yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Mo fẹ́ buwọ́ lù ú, ó na ìka sí i.

"Pé o kò wò ó dáadáa," ó ní. "Kọ ìyẹn náà sí i."

Mo kọ ọ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wá awò rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì.